Lórí «ìdarúgbó àjẹsára» àti «ìgbàgbé ara»

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi,

Láti Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Orúkọ méjì ló wà níwájú wa fún ohun tí kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ fúlù ṣiṣẹ́ lára àgbàlagbà tó bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ọ̀dọ́: «ìdarúgbó àjẹsára» àti «ìgbàgbé ara». N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì, nítorí pé àwọn òbí wa ni nọ́ọ̀sì yóò fi ọ̀rọ̀ náà ṣàlàyé fún.

Ohun tí a jẹ tàbí tí a gbà sára kí ibi má baà ràn wá ni àwọn baba wa ń pè ní àjẹsára kí abẹ́rẹ́ tó dé. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún ìyá àgbà kan ní Òkèsà, ní Iléṣà, pé àjẹsára ti darúgbó, ohun tí ìyá yóò kọ́kọ́ béèrè ni bóyá oògùn inú ìgò yẹn ti kọjá ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ara ló ń dàgbà, kì í ṣe oògùn.

«Ìgbàgbé ara» dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò bá òtítọ́ mu. Nígbà tí fúlù H1N1 jà kárí ayé ní 2009, a rí i pé ẹ̀jẹ̀ àwọn kan tó ti lé ní 60 ọdún ti ní èròjà tó lè gbógun tì í, nítorí pé kòkòrò tó jọ ọ́ ti bá wọn jà nígbà èwe wọn. Ìjà tuntun ló ṣòro fún ara àgbà láti kọ́. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà lẹ́yìn egungun àyà, táímọ́ọ̀sì, tó ń tọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì T, ìyẹn àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà, dàgbà. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ti ń sún kì, tí ọ̀rá ń gba ipò rẹ̀, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì bá àrùn kankan pàdé sì ń dín kù.

«Ìjórẹ̀yìn ààbò ara» ni mo dábàá. Ohun tó jó rẹ̀yìn kò tíì parẹ́, a ṣì lè ràn án lọ́wọ́: ní 2009 yẹn náà ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ fúlù kan fún àwọn tó ti pé 65 ọdún, èyí tí èròjà inú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀.

Ẹnìkan lè ní kí a kúkú sọ pé «ogbó ààbò ara». Ẹ jọ̀wọ́, «ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́» ni a fi ń súre fún ara wa. Ẹ má jẹ́ kí a sọ ogbó di orúkọ àìlera.