Laptop tuntun, àmọ́ tí n bá ti ń gbá géèmù ojú ẹ̀ á dàrú

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ra laptop tuntun ní Pánsẹ́kẹ́ níbí l'Abẹ́òkúta, tí n bá ń wo fíìmù kò sí wàhálà, àmọ́ tí n bá ti gbá géèmù bọ́ọ̀lù tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá báyìí, ilà pọ́pù á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí pápá, orí àwọn agbábọ́ọ̀lù á nà bíi rọ́bà, gólì kan tiẹ̀ wà tí ò lójú rárá, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí.

Mo ti yọ driver graphics (software tó ń jẹ́ kí laptop lè gbé àwòrán jáde) mo tún un fi sí i, mo gbé settings géèmù náà wálẹ̀ sí low, pàbó. Mo fi wáyà HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ilà yẹn náà ló ń yọ níbẹ̀, torí náà mi ò rò pé screen ni. Ó máa ń gbóná gan-an o. Mo gbé e sórí táìlì, mo kọ fáànù sí i, ìṣẹ́jú mẹ́wàá di ogún.

Wárántì ṣọ́ọ̀bù ku ọjọ́ márùn-ún. Ṣé kí n tètè dá a padà ni, àbí ó ṣì ní nǹkan tí mo lè tún ṣe fúnra mi?

Ẹ má bínú pé ó gùn, ẹ ṣé gan-an.