Ìbọn ìléwọ́ fún àgbọ̀nrín ní ọ̀nà jíjìn: kí n ra á ni, àbí kí n gé ráífù mi?

Akínlọdẹ béèrè:

Ẹ̀yin àgbà ọdẹ, mo júbà. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń fi ráífù dẹ àgbọ̀nrín onírù funfun ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, ṣùgbọ́n láti ọdún méjì sẹ́yìn ni ọkàn mi ti ń fà sí ìbọn ìléwọ́. Mo ní rìfọ́fà (ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí) .44 Magnum kan, mo sì ti fi pa ẹran méjì. Èyí tó jìnnà jù nínú wọn kò ju 60 yáàdì lọ. Ibi tí mo ń jókòó sí nísinsìnyí kọjú sí pápá gbalasa kan tí àwọn ẹran máa ń gba etí rẹ̀ kejì jáde ní ìrọ̀lẹ́, láti ọ̀dọ̀ mi dé ibẹ̀ sì tó 180 yáàdì sí 250. Mo mọ̀ pé rìfọ́fà mi kò lè ṣe iṣẹ́ náà bí ó ti yẹ.

Ohun tí mo ń rò nìyí. Mo ní ráífù .308 oníbóòtù (èyí tí a ń fi ọwọ́ fa irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ọta tó wọlé) àtijọ́ kan tí ìdí rẹ̀ ti sán, tí n kò sì lò mọ́. Mo fẹ́ gé ọ̀pá rẹ̀ kù sí íǹṣì 14, kí n yọ ìdí onígi náà kúrò, kí n sì fi ìdìmú ìbọn ìléwọ́ rọ́pò rẹ̀. Ṣé ọgbọ́n ni èyí, àbí kí n kúkú ra èyí tí wọ́n ti ṣe parí? Katiríìjì (ọta pẹ̀lú ìkarahun àti ẹ̀tù rẹ̀) wo ni ẹ rò pé ó tó fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, irú awò (dígí tí ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́) wo ni ó sì yẹ kí n gbé lé e?

Atamátàsé fèsì:

Ọ̀gbẹ́ni Akínlọdẹ, kí a tó dárúkọ katiríìjì kankan rárá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ayùn yẹn sílẹ̀. Lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní National Firearms Act, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1934, ìbọn tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣe ní ráífù, ọmọ ráífù ni lójú òfin títí láé. Bí ẹ bá gé ọ̀pá rẹ̀ tí kò fi tó íǹṣì 16 mọ́, tàbí tí gbogbo gígùn rẹ̀ kò fi tó íǹṣì 26, láìjẹ́ pé ẹ ti gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tó lè fi ènìyàn sí ẹ̀wọ̀n ni, bí ẹ tilẹ̀ yọ ìdí rẹ̀ tí ẹ sì fi ìdìmú rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdẹ tí kò ní èrò burúkú kankan lọ́kàn ni kò mọ èyí.

Ohun tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé òdìkejì rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbọn tí wọ́n bá ṣe ní ìbọn ìléwọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ lè di ráífù, kí ó sì tún padà di ìbọn ìléwọ́, bí ẹ kò bá sáà ti jẹ́ kí ìdí tí a ń gbé lé èjìká àti ọ̀pá kúkurú pàdé lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1992, nínú ẹjọ́ ìjọba àti ilé iṣẹ́ Thompson/Center, nítorí ìbọn ìléwọ́ Contender tí wọ́n ń tà pẹ̀lú ọ̀pá íǹṣì 21 àti ìdí ráífù nínú páálí kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ náà ni ó jàre. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé kíkọ́ ìbọn fúnra yín ni ẹ fẹ́, ara ìbọn tuntun tí wọn kò tíì fi ṣe ráífù rí ni kí ẹ rà, kí ẹ rí i dájú pé bẹ́ẹ̀ náà ni ó wà nínú ìwé ẹni tó tà á, kí ẹ sì jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ ìbọn tó níwèé àṣẹ fi ọ̀pá rẹ̀ sí i. Yóò wọ́n jù èyí tí ẹ lè rà ní ọjà lọ, ẹ ó sì dúró pẹ́.

Ní ti rírà, ọ̀nà méjì ni àwọn tó fẹ́ràn irú ọdẹ yìí máa ń gbà. Èkíní ni ìbọn oníbóòtù, èyí tí Remington XP-100 jẹ́ baba fún. Ọdún 1963 ni ó jáde, katiríìjì kékeré kan tó ń jẹ́ .221 Fireball ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é fún. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe é, àwọn tó ní i kì í sì í fẹ́ tà á. Èkejì ni ìbọn ọlọ́ta kan tí a ń ṣẹ́ lágbede méjì láti fi katiríìjì sí i, bíi Contender tí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Warren Center ya àwòrán rẹ̀, tó jáde ní 1967, àti Encore tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹwà àwọn méjèèjì yìí ni pé ènìyàn lè pààrọ̀ ọ̀pá wọn nílé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ó sì bọ́ láti inú katiríìjì kan sí òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n o. Ìwọ̀n ìfúnpá tí wọ́n fọwọ́ sí fún katiríìjì .30-30 jẹ́ 42,000 psi (pọ́ùn lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan), ti .308 sì jẹ́ 62,000. Contender yóò gba ti àkọ́kọ́ láìkùn, kò sì sí ẹni tó gbọ́n tí yóò fi èkejì sínú rẹ̀. Encore ni wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àdùkẹ́ Ọmọ Ọdẹ fèsì:

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Atamátàsé sọ nípa òfin. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un: ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin ọdẹ tirẹ̀ lórí ìbọn ìléwọ́. Ní Ohio, fún àpẹẹrẹ, ọ̀pá ìbọn gbọ́dọ̀ tó íǹṣì 5, katiríìjì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìkarahun rẹ̀ gún gbọọrọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tí kò kéré sí .357. Gbogbo katiríìjì ráífù ọlọ́rùn tóóró tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí ni òfin bẹ́ẹ̀ ti tì síta. Ẹ ka ìwé òfin ọdún yìí ti ìpínlẹ̀ yín kí owó tó jáde lápò.

Bí òfin bá gbà yín láàyè, katiríìjì ráífù tó ń jẹ́ 7mm-08 ni èmi yóò mú. Láti inú ọ̀pá íǹṣì 15, ọta 140 gíréènì (ìwọ̀n ìwúwo ọta) rẹ̀ lè jáde pẹ̀lú eré bí ẹsẹ̀ bàtà 2,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbára rẹ̀ lẹ́nu ìbọn yóò jẹ́ nǹkan bí 1,940 foot-pound, ìyẹn òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára ọta. Tí ó bá fi máa dé 250 yáàdì, eré rẹ̀ yóò ṣì lé díẹ̀ ní 2,000, agbára rẹ̀ yóò sì wà ní nǹkan bí 1,250. .308 kò burú rárá, ọta rẹ̀ sì wà káàkiri, àmọ́ ó máa ń tapa ju 7mm-08 lọ díẹ̀, ìbọn ìléwọ́ kò sì ní èjìká tí yóò bá a gbé e.

Ẹ ó máa gbọ́ pé ọta gbọ́dọ̀ ní 1,000 foot-pound kó tó lè pa àgbọ̀nrín. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn dẹ́rù bà yín, ẹ má sì jẹ́ kó tàn yín jẹ. .44 Magnum yín, tí ọta rẹ̀ wúwo tó 240 gíréènì tó sì ń jáde ní 1,350, kò tó 1,000 lẹ́nu ìbọn gan-an, bẹ́ẹ̀ ẹ ti fi pa ẹran méjì. Ọta rẹ̀ ti nípọn kí ó tó wọlé, ó sì wúwo, ìdí nìyẹn. Ọta ráífù tín-ínrín ní láti ṣí bí òdòdó nínú ẹran kí ó tó ṣe irú iṣẹ́ yẹn, eré ló sì ń ṣí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣí dáadáa bí eré bá ti wálẹ̀ ju 1,800 lọ, àwọn kan tó le tilẹ̀ ń fẹ́ 2,000. Ọ̀pá kúkurú ti jẹ nínú eré náà tẹ́lẹ̀, nítorí náà ọta tó rọ̀, tó tètè ń ṣí, ni kí ẹ rà. Èyí tí wọ́n ṣe fún ẹran ńlá láti inú ráífù gígùn lè gba inú àgbọ̀nrín kọjá bí abẹ́rẹ́, kí ẹ sì máa wá ẹran yín kiri títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Bí ó bá sì jẹ́ Contender ni ẹ rí lọ́wọ́ pọ́ọ́kú, 7-30 Waters tàbí .30-30 kò yẹ kí a fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wò. Nínú ráífù tí ọta ń tò tẹ̀lé ara wọn nínú páìpù, a kì í lo ọta ẹlẹ́nu ṣóńṣó, kí imú ọ̀kan má baà tẹ ìdí èkejì kí ó sì bú. Ìbọn ọlọ́ta kan kò ní wàhálà yẹn, ẹnu ṣóńṣó sì ń la afẹ́fẹ́ já ju ẹnu pẹlẹbẹ lọ. Àmọ́ 150 sí 200 yáàdì ni kí ẹ fi wọ́n mọ sí.

Baba Alápó fèsì:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣé kò sí bí Akínlọdẹ ṣe lè gbé àga rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹran ń gbà jáde ni? Rìfọ́fà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti tó fún 60 yáàdì.

Akínlọdẹ tún kọ̀wé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo ti gbé ayùn kúrò nílẹ̀ pátápátá, ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo ka èsì àkọ́kọ́. Baba, mo ti gbìyànjú ohun tí ẹ wí. Afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ máa ń fẹ́ láti ẹ̀yìn pápá náà wọ inú igbó tí àwọn ẹran ń sùn sí, bí mo bá sì jókòó nítòsí ibẹ̀, òórùn mi ló ń kọ́kọ́ kí wọn. Ẹ jọ̀wọ́, Atamátàsé, ẹ kò tíì dá mi lóhùn lórí awò. Ṣé n kò kàn lè gbé ti ráífù mi sí i?

Atamátàsé fèsì:

Ẹ má gbé e sí i. Awò ráífù ń fẹ́ kí ojú wà ní íǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin sí i. Bí ẹ bá fa ìbọn ìléwọ́ alágbára súnmọ́ ojú tó bẹ́ẹ̀, etí awò yẹn ni yóò là yín níwájú orí. Awò tí wọ́n ṣe fún ìbọn ìléwọ́ ni ẹ nílò, èyí tí a ń wò láti bí ìnawọ́ kan. Èyí tó ń fa nǹkan súnmọ́ ní ìlọ́po 2 sí 7 ti tó. Àwọn kan ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe ń gbé e ga ni ibi tí ojú lè dúró sí ń há sí i, ẹran á sì ti rìn lọ kí ẹ tó rí i nínú dígí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ju awò lọ ni bí ẹ ṣe ń di ìbọn mú. Nínú ìbọn ìléwọ́, ọta kì í tíì jáde tán tí ìbọn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ sókè, ibi tí ẹ bá sì gbé e lé àti bí ọwọ́ yín ṣe le tó ló ń pinnu bí yóò ti sọ sókè tó. Bí ẹ bá tún awò ṣe (kí ibi tí ó ń tọ́ka sí lè bá ibi tí ọta ń bà mu) lórí tábìlì pẹ̀lú àpò iyanrìn, tí ẹ wá gbé ọ̀pá ìbọn lé igi líle nínú igbó, ọta yóò máa lọ sókè ju ibi tí ẹ fẹ́ lọ. Ẹ fi irinṣẹ́ tí ẹ ó lò nínú igbó gan-an tún un ṣe, yálà ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni tàbí ọ̀pá ìgbéléra, kí ẹ máa gbé e sí ibì kan náà nígbà gbogbo. Ẹ bo etí yín, nínú igbó pàápàá, nítorí ariwo ọ̀pá kúkurú kò ṣe é fẹnu sọ, àgàgà bí wọ́n bá fi ohun tí ń dín ìtapa kù sí ẹnu rẹ̀.

Ibi ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró àgbọ̀nrín fẹ̀ tó íǹṣì 8. Ẹ gbé àwo pépà tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ sí 100 yáàdì, ẹ jókòó bí ẹ ó ti jókòó nínú igbó, kí ẹ yin ọta márùn-ún sí i láìkánjú. Bí gbogbo wọn bá wọlé, ẹ tún lọ sí 150, lẹ́yìn náà 200. Ibi tí ọ̀kan ṣoṣo bá ti kọ́kọ́ jáde, ẹ padà sẹ́yìn. Ibi tí ẹ padà sí yẹn ni òpin yín, ohun yòówù kí ìwé sọ nípa agbára 7mm-08. Àwọn tó ń fi ìbọn ìléwọ́ díje ní Amẹ́ríkà máa ń bi ère àgbò onírin ṣubú ní mítà 200, nítorí náà ìbọn lè ṣe é. Ère àgbò kì í mira, kì í sì í sá wọ igbó tí ọta bá bà á nínú ìfun.

Afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ tí ẹ dárúkọ yẹn náà kò ní gbàgbé ọta yín. Èyí tó ń fẹ́ máìlì 10 ní wákàtí kan láti ẹ̀gbẹ́ yóò ti ọta náà ní bí íǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin ní 200 yáàdì, àti bí íǹṣì 8 ní 300.

Akínlọdẹ tún kọ̀wé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà:

Mo rí Encore àlòkù kan rà, ọ̀pá íǹṣì 15, 7mm-08, pẹ̀lú awò 2 sí 7 lórí rẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ mi gbà á. Mo ti yin ọta tó lé ní 120. Ní 100 yáàdì, márààrún ń wọ inú àwo. Ní 150, bákan náà, nígbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 200, ọ̀kan máa ń jáde nínú márùn-ún, nígbà mìíràn méjì. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n máa yìn ín lọ bẹ́ẹ̀ títí àkókò ọdẹ yóò fi wọlé, bóyá yóò sunwọ̀n?

Atamátàsé fèsì:

Ẹ máa yìn ín lọ, ṣùgbọ́n 150 ni tọdún yìí. Ṣé kò sí ọgbà tàbí igi kankan láàárín pápá náà tí ẹ lè fara pamọ́ sí?

Akínlọdẹ fèsì:

Ọgbà wáyà àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí koríko ti bò mọ́lẹ̀. Mo lọ wọ̀n ọ́n lánàá: 140 yáàdì ló jìnnà sí ibi tí wọ́n ń gbà jáde, afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìwọ igbó náà. Ibẹ̀ ni n ó gbé àga sí ní Sátidé.

Baba Alápó fèsì:

Ṣé ẹ rí i pé àga náà padà sún. Ẹ mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ o.