Èsì: "ìbora apakòkòrò olóròóró" kò lè dúró fún ohun tó wà lára rọ́bà ìtọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí á máa pe ohun tí wọ́n fi ń bo rọ́bà ìtọ̀ (rọ́bà tí wọ́n ń kì bọ ojú ìtọ̀ aláìsàn kí ìtọ̀ lè máa jáde), kí ó má baà ha ojú ìtọ̀, kí bakitéríà má sì ráyè lára rẹ̀, ní "ìbora apakòkòrò olóròóró". Mo fara mọ́ "rọ́bà ìtọ̀" pátápátá, torí ó yé nọ́ọ̀sì, ó yé aláìsàn. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó kù, kò sí èyí tí kò ní ṣi òǹkàwé lọ́nà.

"Olóròóró" ló léwu jù. Ohun tó ń mú rọ́bà náà yọ̀ kì í ṣe epo, omi ni. PVP, èròjà kan tó ń fa omi mọ́ra, ni wọ́n sábà máa ń fi bò ó. Ẹ fi orúnlá wò ó: gbígbẹ ló wà, kò sí yíyọ̀ kankan lára rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó kan omi, kò ní pẹ́ tí á fi máa fà, tí á máa yọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni rọ́bà tí a fi PVP bò: a ó rì í sínú omi tí kò ní kòkòrò fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú àáyá kí a tó fi sí aláìsàn lára. Bí ó bá gbẹ kí a tó yọ ọ́, yóò lẹ̀ mọ́ inú ojú ìtọ̀, yíyọ rẹ̀ á sì di ìrora. Ẹni tó bá ka "olóròóró" lè lọ mú faselíìnì kun rọ́bà. Bí rọ́bà náà bá jẹ́ látẹ́ẹ̀sì (èyí tí a fi oje igi rọ́bà ṣe), epo inú faselíìnì á wọ inú rẹ̀, á wú, á rọ̀, bàlúùnù tó dì í mú nínú àpò ìtọ̀ sì lè bẹ́. "Afomiyọ̀" ni mo dábàá: ohun tó ń fi omi yọ̀. Mo ti gbìyànjú "ìyọ̀ olómi", ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé àmì ohùn, iyọ̀ ọbẹ̀ ni yóò kà.

Ẹlòmíràn ní kí á pe ara tó ń gba omi báyìí ní "olùfẹ́ràn omi". Gẹ̀ẹ́sì ló wọ aṣọ Yorùbá yẹn. Nǹkan aláìlẹ́mìí kì í fẹ́ràn nǹkan. Ẹ kán omi sórí ewé kókò, á ṣù roboto, á máa yí kiri láì fi ibi kankan rin. Bí silikónì, èyí tí wọ́n tún fi ń ṣe rọ́bà ìtọ̀, ṣe ń ṣe nìyẹn: igun tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀kán omi fi dúró lórí rẹ̀ tó nǹkan bí 110°. Ó ń kọ omi, nítorí náà "akọmi" ni. Èyí tí omi ń tẹ́ pẹrẹsẹ lórí rẹ̀, "afami" ni.

Ìdí nìyí tí a kò fi lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "bíbo" lásán. PVP kò ní dúró lórí akọmi. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lára ojú silikónì. Wọ́n ti pe iṣẹ́ yẹn ní "ìtọ́jú ojú rọ́bà" níbí, àmọ́ aláìsàn là ń tọ́jú. "Ìpalẹ̀mọ́ ojú" ló bá a mu, torí bí a ṣe ń ro ilẹ̀ kí a tó gbìn ló rí. A ó fi ọtí isopropanol nù ún, a ó jẹ́ kí ó gbẹ, a ó wá gbé e sínú ẹ̀rọ plasma ọ́síjìn (ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná sọ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn di alágbára tó lè yí ojú nǹkan padà) fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Igun omi á já wálẹ̀ gan-an, akọmi á di afami. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Bí ẹ bá gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì, láàárín wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ mélòó kan, àwọn okùn kéékèèké inú silikónì á rìn jáde wá sójú, èyí tó ti yí síta á tún yí sínú, ó di akọmi padà. Mo fẹ́ kí á ní ọ̀rọ̀ fún èyí, torí òun ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù: "ìpadàsíwà". Ẹni tó palẹ̀ mọ́ láàárọ̀ tó wá ń bo rọ́bà ní ọ̀la, ó ti gbin irúgbìn sórí àpáta.

Lórí "ìbora", ọ̀nà méjì ló wà tí ọ̀rọ̀ kan kò lè gbé. Àkọ́kọ́ ni kí á ri rọ́bà sínú omi oògùn, ìyẹn omi tí a po ohun ìbora sí, kí á gbẹ ẹ́: "àkùnsára", bíi ọ̀dà ara ògiri. Èkejì ni kí okùn PVP tàbí irú rẹ̀ so mọ́ ara silikónì fúnra rẹ̀. Fún èyí, a ó fẹ́ náítírójìn gba inú omi oògùn fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú kí ọ́síjìn tó wà níbẹ̀ lè jáde, torí ọ́síjìn ń pa iṣẹ́ ìsopọ̀ náà kú. A ó tan iná UV (ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí) sí i kí ìsopọ̀ náà lè bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó fọ rọ́bà dáadáa, torí oògùn tí kò bá so lè pa ara ènìyàn lára. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan pe èyí ní "àhùsára". Ó dára létí, àmọ́ aláìsàn tó bá gbọ́ pé nǹkan hù lára rọ́bà tí wọ́n fẹ́ fi sí òun lára, èbu ni yóò rò. "Àlọ́sára" ni tèmi, bí a ṣe ń lọ́ ẹ̀ka ọsàn sára igi mìíràn.

"Apakòkòrò" náà ń ṣèlérí ju bó ti yẹ lọ. Ní ọdún 2012, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé àyẹ̀wò kan jáde láti Britain, aláìsàn 7,102 ní ilé ìwòsàn 24. Nínú àwọn tí wọ́n lo rọ́bà oní-fàdákà (fàdákà ni wọ́n fi bò ó kí ó lè pa bakitéríà), 12.5% ni àìsàn ìtọ̀ mú. Nínú àwọn tí wọ́n lo èyí tí a fi PTFE lásán bò (irú ohun tó wà lára páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́), 12.6%. Ara tó ń pa bakitéríà tún ní ìṣòro mìíràn: òkú wọn á tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní, alààyè á wá jókòó lé e lórí. Irú èkejì kì í pa wọ́n rárá, kì í kàn jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ni. Omi tó dì mú ni kì í gbà wọ́n láyè. Kí á pe ìyẹn ní "alékòkòrò". Ẹ má ṣe jẹ́ kó jẹ́ "akọkòkòrò"; akọ kòkòrò ni etí máa gbọ́.

Ohun tí bakitéríà ń kọ́ jọ nígbà tó bá ti ráyè, èyí tí wọ́n pè ní "ìyọ̀ kòkòrò", a kò gbọ́dọ̀ fi "yọ̀" kàn án, kó má baà dàrú mọ́ afomiyọ̀. "Ìtẹ́ bakitéríà" tó, torí inú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé, oògùn kì í sì í tètè dé ọ̀dọ̀ wọn níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò nílò dídá rárá. Ní 2015, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé ohun afomiyọ̀ lè ṣí kúrò lára rọ́bà tí wọ́n ń kì bọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Mo rí i tí ẹnìkan kọ "ìyapa ìbora". Awọ ara máa ń bó, ọ̀dà máa ń bó; ẹ jẹ́ kí èyí náà máa bó.