Fèsì: “Ẹ̀dọ̀fóró-omi” àti “àtúnṣe ìjà”

Láti Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ka ọ̀rọ̀ tí àbúrò wa tò sílẹ̀ fún fídíò tó fẹ́ kọ Yorùbá sí lábẹ́: fídíò àwọn òyìnbó tó ń kó ohun èlò ìmòòkùn ayé àtijọ́ jọ, tí wọ́n ń gbé e wọ omi, tí wọ́n sì ń fi ìjà abẹ́ omi inú sinimá àtijọ́ ṣeré. Ó pe Aqua-Lung, ohun èlò tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn kí wọ́n lè rí afẹ́fẹ́ mí lábẹ́ omi, ní “ẹ̀dọ̀fóró-omi”. Ó pe eré náà ní “àtúnṣe ìjà”. Nígbà tó wá kan èyí tí wọ́n ń fi mí, ó kọ “ero imi”, kò fi àmì kankan sí i. Ìmí ni àbí imí? Ẹnu ni wọ́n ń kì í bọ̀ o!

Ẹ jẹ́ ká gbé “ẹ̀dọ̀fóró-omi” wò. Ìkòkò omi, omi ló wà nínú rẹ̀. Àpò owó, owó ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró omi ńkọ́? Ẹ̀dọ̀fóró tí omi ti kún ni, ìyẹn ẹni tí wọ́n gbé jáde nínú ọ̀sà tí kò mí mọ́. Bẹ́ẹ̀, kí èèyàn lè máa mí láìjẹ́ pé omi wọlé ni Cousteau àti Gagnan, àwọn ará Faransé méjì, ṣe ṣe nǹkan yìí ní 1943. Èpè ni orúkọ yẹn.

“Àtúnṣe” tún burú jù ú lọ. Mẹkáníìkì ló ń ṣàtúnṣe. Ìjà tí a bá tún ṣe, a ti parí rẹ̀ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ sílé. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ látọjọ́ pípẹ́: a máa ń sín èèyàn jẹ. Wọ́n ń sín àwọn òṣèré àtijọ́ jẹ lábẹ́ omi. Ó tán.

Láti Ìkòròdú

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́, mo kí yín o, àmọ́ ẹ ti yára jù. Erinmi ńkọ́? Ṣé erin tí omi kún inú rẹ̀ ni? Bí èdè bá gba erinmi, ó lè gba ẹ̀dọ̀fóró-omi.

Èyí tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń pe irin tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn yẹn ní “àgbá ọ́síjìn”. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí fọkanáísà ń fún sí táyà, àfi pé wọ́n sẹ́ ẹ mọ́ kí èéfín àti òórùn epo má bá a wọlé. Ọ́síjìn pọ́ńbélé máa ń di májèlé bí èèyàn bá ti kọjá nǹkan bíi mítà 6 nísàlẹ̀: gìrì lè gbé e níbẹ̀, ohun tó fi ń mí á bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Sílíńdà ni kí ẹ pè é. Ta ni kò mọ sílíńdà?

Láti Ẹ̀pẹ́

Erin kì í ṣe ohun tí à ń rọ nǹkan sí. Àpò ni ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ń fi ẹran wé àpò.

Mo gbà fún yín lórí sílíńdà. Ṣùgbọ́n “ọ̀pá èémí” tí àbúrò kọ, kì í ṣe ọ̀pá, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Rọ́bà méjì ló wà lára ti àtijọ́, oníkókó bíi ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀kan gba èjìká ọ̀tún, ọ̀kan gba èjìká òsì. Ti ọ̀tún ń gbé afẹ́fẹ́ wá sẹ́nu, ti òsì ń gbé èyí tí a mí síta padà sẹ́yìn. Kí ló dé tí kò jáde níwájú ẹnu? Nítorí pé lẹ́yìn, lórí sílíńdà, ni rọ́bà pẹlẹbẹ tó ń mọ bí omi ṣe ń tẹni tó wà. Bí ibi tí èémí ń gbà jáde bá fi gíga ju ibi tí rọ́bà pẹlẹbẹ yẹn wà lọ, afẹ́fẹ́ á máa tú dànù fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi jọ wà pọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀: rọ́bà àmísínú, rọ́bà àmísíta. Èyí tí eyín ń dì mú, àfẹnumú. Mi ò rí “ìmí” kan níbẹ̀ tó lè di imí lọ́wọ́ ẹni tí kò ní kíbọ́ọ̀dù alámì.

Láti Àgbádárìgì

Ẹ fi yé àbúrò bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kó tó sọ ọ́ lórúkọ. Ìjà tí wọ́n ń sín jẹ yẹn, gígé rọ́bà ni olórí rẹ̀. Àwọn tó wo Sea Hunt, eré orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà (1958 sí 1961), mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń sín wọn jẹ yìí kì í gé nǹkan kan ní tòótọ́. Ọ̀bẹ rọ́bà tí wọ́n kùn bí irin ni. Ẹni tó ń gún á fi ara rẹ̀ dí kámẹ́rà lójú, ẹni tí wọ́n “gé” tirẹ̀ á yọ àfẹnumú, á gbé e sókè ju èjìká lọ. Bó ti ga ju rọ́bà pẹlẹbẹ ẹ̀yìn lọ, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, ìhó á bo gbogbo ibẹ̀, òǹwòran á ní ó ti gé. Kó má pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ sílíńdà ló ń lọ yẹn. Bó bá sì gbé àfẹnumú wálẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, omi á kún rọ́bà. Kó tó mí padà, kó yí ẹ̀gbẹ́ òsì sísàlẹ̀, kó fẹ́ atẹ́gùn líle: omi á gba rọ́bà àmísíta jáde.

Bí wọ́n bá dá a délẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa ya wọ ẹnu rẹ̀ láìfà á. Kò bàjẹ́, bó ṣe rí nìyẹn.

Ohun méjì ló ń sọ eré di ẹkún. Èkíní, irin tín-ín-rín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà àtijọ́. Kò sí mítà tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó kù. Bó bá ku nǹkan bíi 300 psi (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà), mímí á le, ìgbà yẹn ni wọ́n ń fa irin yẹn wálẹ̀ kí ìyókù tó tú sílẹ̀. Nínú ìjàkadì, ẹsẹ̀ ẹlòmíì lè ti fà á láìmọ̀. Ìkìlọ̀ kankan ò ní sí mọ́. Kí ẹnì kan máa yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sinmi. Èkejì, fífi ọwọ́ gé ọ̀fun túmọ̀ sí “afẹ́fẹ́ mi ti tán”. Nínú eré ìjà, ta ni yóò gbà á gbọ́? Wọ́n gbọ́dọ̀ fẹnu kò sórí àmì mìíràn tí kò sí nínú eré rárá, kí ẹnì kan tí kò bá wọn jà sì dúró tì wọ́n pẹ̀lú sílíńdà tirẹ̀.

Mo fara mọ́ “sín jẹ”. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbọ́n má gbàgbé pé ẹ̀sín wà nínú rẹ̀. Ṣé wọ́n ń fi wọ́n ṣẹ̀sín ni àbí wọ́n ń yẹ́ wọn sí?

Láti Ìkòròdú

Ẹ ṣeun, Àgbádárìgì. Gbogbo yín ń pè é ní “ìmòòkùn”, kò sí ẹni tó bi í léèrè. Àwọn tó ń fi korobá wa yanrìn nínú ọ̀sà níbí, wọ́n ń mòòkùn: òkè ni wọ́n ti ń fa èémí, wọ́n á sé e, wọ́n á gbé e padà sókè bó ṣe wà. Onísílíńdà ò gbọdọ̀ sé èémí láé. Èyí tó fà ní mítà 10, ìlọ́po méjì ló máa dà bó bá gòkè. Ẹ̀dọ̀fóró lè ya. Àní nínú omi tó mu èèyàn dé ọrùn, ó ti léwu. Tí a bá ní kí ẹni tó ń kọ́ ọ “mòòkùn”, ohun tó máa pa á ni ó máa ṣe.

Láti Ẹ̀pẹ́

Ta ló sọ pé sísé èémí wà nínú mòòkùn? Òòkùn, òkùnkùn ni. “Amòòkùn jalè, bí ọba ayé ò rí ọ, tọ̀run ń wò ọ́.” Ṣé abẹ́ omi ni olè yẹn wà?

Láti Ìkòròdú

Abẹ́ omi ni. Ẹja inú ìgèrè ló ń jí. Ẹ lọ bi àwọn àgbà yín ní ọjà Olúwo.