Ìbú kọ́ là ń wọ̀n, ibú ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá "ìfokùnwọn-ìbú" gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún iṣẹ́ àwọn tó ń ya máàpù ìsàlẹ̀ adágún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, mi ò lè gbà á.

Àkọ́kọ́, ìbú yẹn. Ìbú ni ti òòró àti ìbú, ohun tí télọ̀ ń wọ̀n lára aṣọ. Ibú ni ibi tí omi ti jìn tí ẹsẹ̀ ò ti lè kanlẹ̀. Àmì ohùn kan péré ló yà wọ́n. Àwa Èkìtì tí à ń pe ilé ní ulé, tí à ń pe iṣu ní usu, fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ yẹn lè yí lẹ́nu wa, ohùn ló kù tí a ó fi mọ èyí tí à ń sọ.

Okùn wá ńkọ́? Ẹ wo Crater Lake ní Oregon l'Amẹ́ríkà, adágún tó wà nínú òkè oníná. Lọ́dún 1886 wọ́n gbé ọkọ̀ gun òkè náà, wọ́n rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sójú omi, wọ́n wá ń ju wáyà dùrù tí wọ́n so òjé mọ́ sísàlẹ̀, ibi 168 ni wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tó jìn jù jẹ́ 1,996 ẹsẹ̀ bàtà. Ní 2000 wọ́n tún un wọ̀n, kò sí okùn kankan, ìró ni wọ́n rán lọ sísàlẹ̀ tí wọ́n ń ka bó ṣe pẹ́ tó kó tó padà, wọ́n rí 1,949. Lẹ́yìn ọdún 114, ẹsẹ̀ bàtà 47 péré ni ìyàtọ̀! Àwọn tó ju wáyà yẹn gbìyànjú gan-an ni. Ṣùgbọ́n okùn ti lọ, ibú ṣì wà níbẹ̀.

Torí náà, ÌWỌNBÚ ni èmi dábàá, pé ibú là ń wọ̀n. Nígbà tí a wà ní kékeré l'Ádó, bí òjò bá mú odò kún, àgbàlagbà kan á yọ ọ̀pá, á kì í bọ omi kí a tó kọjá, á ní "ẹ dúró, ẹ jẹ́ n wọ̀n ọ́n wò". Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Bí ẹnì kan bá ní "jíjìn" ti tó láti fi pè é, ọ̀nà Sókótó náà jìn.

Àmọ́ ìwọnbú ò sọ bí ìsàlẹ̀ ṣe rí. Òkè kékeré kan, Merriam Cone, wà lábẹ́ omi Crater Lake tí orí rẹ̀ ò yọ síta rárá. Àwòrán tó ń fi bí ìsàlẹ̀ ṣe rí hàn, "máàpù ìsàlẹ̀ adágún" ni kí a máa pè é. Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ tí ẹ mọ omi jù wá lọ, kí lẹ̀ ń pe etí omi tó kàn já wálẹ̀ lójijì? A nílò rẹ̀.