Ẹ gbà mí o, kí ni mo lè tẹ́ sínú tánkì inú ilẹ̀ tó ń jò?

Màmá Bọ́lá: Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi pátápátá. Tánkì inú ilẹ̀ tí birikilà kan bá wa mọ lọ́dún 2021 ń jò. Bọ̀dá yìí jẹ ìrẹsì mi, ó tún béèrè ẹran kejì, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ọmọ-ọmọ mi ló máa bá tánkì yẹn níbẹ̀. Mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sókè torí ẹbí ọkọ mi ló mú un wá, tí mo bá lanu báyìí wọ́n á ní mo ń bá ẹbí jà. A ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kò gbọ́. Tá a bá ra omi tánkà kún un lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó tó di Fúráìdè ó ti wálẹ̀ dé ìdajì, owó àti òórùn yẹn ló ń dùn mí. Wọ́n ní kí n tẹ́ nǹkan sínú ẹ̀. Èwo ló dáa, ṣé tapólì àwọn ẹlẹ́ja ni àbí rọ́bà dúdú tó nípọn yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi.

Ẹlẹ́ja Ọ̀tà: Tapólì ni mà. Èmi fi sin ẹja àrọ̀ fọ́dún mẹ́ta, kò ṣe nǹkan kan, àfi ọjọ́ tí eku dá ihò sí i lóru. Kí n jí, ẹja ti wà nínú ẹrẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò ti ń ṣa wọ́n sínú korobá, wọ́n tún ń kí mi kú àárọ̀!

Pulọ́mbà Ìbàdàn: Ẹ̀yin ẹlẹ́ja, ẹja kì í wá fẹjọ́ sùn yín pé omi ń rùn. Màmá, báwo ni tánkì náà ṣe fẹ̀ tó, kí lẹ sì ń fomi ẹ̀ ṣe? Rọ́bà dúdú yẹn, HDPE ni, ó gan, kì í fẹ́ wọ kọ̀rọ̀ tánkì kékeré, ẹ̀rọ gbígbóná ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, tí ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n, ojú ibẹ̀ gan-an ló máa jò. Tapólì PVC rọ̀, àmọ́ èròjà tí wọ́n fi mú un rọ̀ lè máa yọ́ sínú omi díẹ̀díẹ̀. EPDM tún wà, rọ́bà tó ń fà dáadáa ni, ó kàn wọ́n. Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, kí wọ́n ti kọ ọ́ sí i lára pé ó wà fún omi mímu.

Màmá Bọ́lá: Mítà 3 ní gígùn, 2 ní ìbú, ó jìn ní 2. Mo ti ra tapólì 6 sí 6, ọlọ́jà ní ó máa tó.

Pulọ́mbà Ìbàdàn: Ẹ ti rà á tán kẹ́ ẹ tó wá bi wá?? Kò lè tó. Gígùn 3, ògiri méjì 2 àti 2, ó di 7. Ìbú 2, ògiri 2 àti 2, ó di 6. Tẹ́ ẹ bá fi ìdajì mítà sílẹ̀ lápá kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ máa ká sókè, ó di 8 sí 7.

Ìyá Ìbejì: Ẹ yéé jágbe mọ́ màmá jàre. Ọ̀dà dúdú ni kí wọ́n kùn ún, òun ni wọ́n kùn sí ti ìyá ọkọ mi, kò jò mọ́.

Káyọ̀dé T: Ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì? Kí èèyàn wá máa mu ún?

Ìyá Ìbejì: Ìyá ọkọ mi pé ẹni 84 o. Òórùn yẹn lọ lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Káyọ̀dé T: Kò lọ, imú yín ló mọ́ ọn lára.

Wolé-wolé Tó Ti Fẹ̀yìntì: Màmá Bọ́lá, ẹ dárúkọ òórùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì fò ó. Òórùn wo nìyẹn? Nígbà òjò ńkọ́, ṣé ó ń jò náà?

Màmá Bọ́lá: Nígbà òjò kì í jò rárá sà, kódà ó máa ń kún fúnra ẹ̀. Lóṣù kẹsàn-án èṣí a ò ra tánkà kan ṣoṣo, mo tiẹ̀ jẹ́rìí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ti òórùn, mo rò pé sìmẹ́ńtì ni.

Wolé-wolé Tó Ti Fẹ̀yìntì: Ṣé omi òrùlé ń dà sínú ẹ̀ ni?

Màmá Bọ́lá: Rárá sà, ó ní ìdérí, a sì máa ń tì í pa.

Wolé-wolé Tó Ti Fẹ̀yìntì: Níbo ni súkàwé yín wà, kòtò tí omi ilé ìgbẹ́ ń dà sí?

Màmá Bọ́lá: Ẹ̀yìn ilé níbẹ̀ náà. Tí n bá fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, kò lè ju mítà 4 lọ. Birikilà yẹn kan náà ló gbẹ́ ẹ, ó ní òun máa bá wa dín owó kù tá a bá pa méjèèjì pọ̀. Omi yẹn la sì ń mu o. Táífọ́ọ̀dù ló dá Bọ́lá dùbúlẹ̀ lóṣù kẹwàá.

Wolé-wolé Tó Ti Fẹ̀yìntì: Ẹ má mu omi yẹn mọ́, lónìí yìí. Mi ò ní ibẹ̀ ni àìsàn ọmọ ti wá, àmọ́ ojú ibi tí omi ń gbà jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn náà ni omi ilẹ̀ ń gbà wọlé nígbà òjò. Mítà 30 la máa ń sọ pé kó wà láàárín súkàwé àti omi mímu. Ẹ tiẹ̀ tẹ́ tapólì tó dáa jù lọ sí i, tí omi inú tánkì bá ti lọ sílẹ̀ nígbà òjò, omi ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ á ti tapólì náà sókè, á wú bíi bàlúùnù. Ẹ lọ ra tánkì rọ́bà kẹ́ ẹ gbé e sórí pèpéle, ibẹ̀ ni kí tánkà máa tú omi sí. Tinú ilẹ̀ yẹn, ẹ pa á tì.

Ìyá Ìbejì: Ọlọ́run ọba o. Ẹ kọ́kọ́ gbé Bọ́lá lọ fún àyẹ̀wò.

Màmá Bọ́lá: Bàbá Bọ́lá ń kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ti dìde lọ wo ẹ̀yìn ilé.

Ẹlẹ́ja Ọ̀tà: Màmá, ẹ má bínú o. Tapólì 6 sí 6 yẹn, èèló lẹ máa tà á?