Ẹ bá mi wo máàpù àwọn òkè Panamint yìí

AyẹMáàpùWò: Ẹ n lẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ń wo máàpù àtijọ́ tí USGS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ya máàpù ilẹ̀, ṣe nípa òkè Panamint ní Death Valley, Kalifọ́níà, ibi tí mo rò pé aṣálẹ̀ lásán ni, àfi X kéékèèké, Y, àti skwéà tí wọ́n kun ìdajì ẹ̀ ní dúdú. Mo mọ̀ pé wọ́n wa góòlù àti fàdákà níbẹ̀ láyé ọjọ́un, ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe ń kà á gan-an?

Ìlà_Kọ́ńtọ̀: X ni kòtò tí wọ́n kàn gbẹ́ láti fi wò ó bóyá nǹkan wà níbẹ̀, má dà á láàmú. Y ni ẹnu ihò tó gba ẹ̀gbẹ́ òkè wọlé, skwéà yẹn ni èyí tó lọ sísàlẹ̀ bíi kànga. Tó o bá rí wọn tí wọ́n kó ara wọn jọ, tí ọ̀nà tóóró kan wá ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ gòkè lọ bá wọn tó sì parí síbẹ̀, iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe níbẹ̀ nìyẹn.

Babaọ̀kè: Òótọ́ ni, àmọ́ ihò nìkan kọ́ o jàre! Wá omi àti igi. Wo Skidoo, ìlú awakùsà kan, ọdún 1906 ni wọ́n rí góòlù níbẹ̀, kò sómi, ni wọ́n bá fa páìpù láti Birch Spring lẹ́bàá Telescope Peak, ó lé ní 20 máìlì, omi yẹn ló ń yí ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta. Wá wo Wildrose náà, ààrò èédú 10 tí wọ́n fi òkúta kọ́ ní 1877, kò sí ihò kankan nídìí wọn, torí igi ni wọ́n ṣe wà níbẹ̀, ìwakùsà Modoc tó lo èédú ọ̀hún wà lórí òkè Argus, lódìkejì àfonífojì.

AyẹMáàpùWò: Háà! Panamint City wá ńkọ́? Inú kọ̀rọ̀ ló wà.

Ìlà_Kọ́ńtọ̀: Wo bí ìlà kọ́ńtọ̀, ìyẹn ìlà tó ń fi bí ilẹ̀ ṣe ga tó hàn, ṣe fún pọ̀ lọ́tùn-ún lósì Surprise Canyon, àfonífojì tóóró tí ìlú náà wà nínú ẹ̀, kò síbi tí omi máa yà sí. Wọ́n rí fàdákà ní 1873, nígbà tó fi máa di 1876 àgbàrá ti gbá púpọ̀ nínú ìlú náà lọ.

Babaọ̀kè: Tó o bá débẹ̀, má wọ ihò kankan o, pákó tó gbé òrùlé ró ti jẹrà, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ sì lè pa èèyàn. Agolo tó ti dógùn-ún tó o bá rí nílẹ̀ pàápàá, fi sílẹ̀, ọgbà ìjọba ni.